Táyà Méjì Lẹ́yìn Réèkì

Ẹni tó bá ń wá Ódọ̀la láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, abẹ́ réèkì ló máa bá a. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ńtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta, ó gbé táyà wílíbárò kan sókè, ó ń fi ìka ta á kó máa yí. Táyà ń yí, oòrùn àárọ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún sì ń wò ó bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń wo àtùpà. Ẹ má bi mí pé ṣé iṣẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ni. Bí tirẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wẹ́dà ni. Irin ló ń jó, ó sì ní katakata àtijọ́ kan tó fi ń bá àwọn èèyàn tún ilẹ̀ ṣe. Ó ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ódọ̀la ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ìdáhùn tó máa ń fún ẹni tó bá wá béèrè géètì rẹ̀ nìyẹn: "Ó dọ̀la." Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Àwọn tó ń pè é lọ́lẹ kò mọ̀ ọ́n. Ó kàn jẹ́ pé bó bá ti mú irin lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ rin ìrìn àjò ná. Á lọ wo ibi tí géètì náà máa dúró sí, á wo ẹni tó máa ṣí i, á gbọ́ bó ṣe máa dún bí ará ilé bá pẹ́ wọlé. Kí ọkàn náà tó padà dé, ọjọ́ ti lọ.

Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ réèkì yìí, kò sí ó dọ̀la kankan. Ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ìyá rẹ̀ ń gbé inú ilé kékeré tó wà lápá kan ọgbà wọn, òun ń gbé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ní apá kejì. Ilẹ̀ gbalasa kan ló wà láàárín wọn, ilẹ̀ olókùúta, ilẹ̀ gbágungbàgun tí bàbá wọn sọ títí pé òun máa tẹ́, tí ó fi kú tí kò tẹ́ ẹ. Láràárọ̀, ìyá á gbé fúláàsì tíì, wọ́n á gba orí ilẹ̀ yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa pa ẹ̀pà, wọ́n á máa fetí sí ìró irin. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, gbogbo ilé mọ̀. Wọ́n ní ara àgbà ni, pé kí ẹnikẹ́ni má da òun láàmú lọ sí ọsibítù. Ìgbà tí òjò ń rọ̀ gan-an ni wọ́n ṣubú níbi kọ́nà ẹ̀rọ omi, tí ọrùn ọwọ́ wọn yẹ̀; wọ́n ní òkúta ńlá tó wà níbẹ̀ ló gbé òun ṣubú.

Àbúrò Ódọ̀la obìnrin, tí ìyá ń pè ní Àbíkẹ́yìn, gbọ́ ní ìlú ńlá tó ń gbé. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló sì ń gbé. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó wá, ó wo ọwọ́ ìyá, ó wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ló fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo rárá.

"Bọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Bí mo bá padà dé níparí oṣù tí ilẹ̀ yìí ṣì rí báyìí, màámi ń bá mi lọ ni. Mo ti tọ́jú yàrá sílẹ̀ fún wọn."

"Wọn ò ní fẹ́ lọ."

"Mo mọ̀ pé wọn ò ní fẹ́. Tí wọ́n bá tún ṣubú ńkọ́?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ódọ̀la gba iwájú ilé ìyá rẹ̀ kọjá, ó gbọ́ tí wọ́n ń dákọrin sábẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ, ó sì ro bí ọgbà náà ṣe máa rí bí wọn ò bá sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà á. Ó lọ jókòó sórí katakata rẹ̀ tí kò tan iná sí, ó sì jókòó pẹ́ níbẹ̀.

Ó ti fi réèkì gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan rí. Réèkì yìí, irin gbọọrọ kan ni tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn katakata, eyín rẹpẹtẹ ló ní, gbogbo wọn tẹ̀ bí èékánná adìyẹ, òun ló ń họ ilẹ̀ tó sì ń kó òkúta jọ. Ṣùgbọ́n ti Ódọ̀la kò ní nǹkan kan tó gbé e dúró. Bí katakata bá gun ibi tó ga, réèkì á fò sókè, kò ní kan ilẹ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, eyín á rì wọlẹ̀, á gbẹ́ kòtò. Ibi tó gbà kọjá lọ́jọ́ yẹn, ìgbì lórí ìgbì ló kù síbẹ̀, ìyá sì ní ṣé ebè ló ń kọ ni.

Ohun tó kù tí réèkì fi máa pé ni táyà kékeré méjì lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí yóò máa tẹ ilẹ̀ lọ, tí kò ní jẹ́ kí eyín wọlẹ̀ ju ibi tí èèyàn fẹ́. Wọ́n ń ṣe é nílé iṣẹ́ níbì kan láyé, ó ti rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù. Ní sàkáání tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tà á. Ìyẹn ò dùn ún. Kí n má purọ́, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀, torí ohun tí wọn kì í tà ló máa ń mú orí rẹ̀ yá.

Táyà àkọ́kọ́, ti wílíbárò tí bàbá rẹ̀ fi kó yanrìn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ni. Ìkejì, ó gbà á lọ́wọ́ bíríkìlà kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn. Lójú, ọgba ni àwọn méjèèjì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára wọn, ó yí wọn lórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù títí àmì fi yí padà kan ilẹ̀, ti bíríkìlà sì fi nǹkan bí ìbú ìka ré kọjá èkejì. Ó dá a padà. Bíríkìlà ní ṣé torí ìbú ìka ni wọ́n ṣe ń dá nǹkan padà fún èèyàn. Ódọ̀la ní ìyá òun ló máa rìn níbẹ̀. Bíríkìlà gbé táyà rẹ̀, ó lọ wá òmíràn tó bá ti àkọ́kọ́ mu wá.

"Kí lo tún ń ṣe tó dákẹ́ báyìí?" ìyá bi í láti orí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ kejì.

"Mò ń ronú ni, màámi."

"Mo mọ̀. Bó o bá ti ń ronú, ṣọ́ọ̀bù á dà bí ilé tí ayálégbé kó kúrò. Bó ṣe rí pẹ̀lú bàbá rẹ náà nìyẹn. Á di irin mú látàárọ̀ dọ̀sán. Èmi ni mo máa ń sọ fún un pé irin yẹn ò ní bá yín sọ̀rọ̀ o, ẹ jẹ́ ká jẹun."

"Bí katakata bá ya ọ̀tún, mo fẹ́ kí táyà náà yà fúnra ẹ̀. Bí ò bá yà, á fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ ilẹ̀, á bà á jẹ́."

"Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?"

"Páìpù nínú páìpù. Kékeré á wọnú ńlá, á máa yí níbẹ̀, táyà á wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Màá kó gíríìsì sí i dáadáa."

"Gbé e wá kí n rí i."

Ó gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Ìyá kó ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n di páìpù ńlá mú, wọ́n yí kékeré nínú rẹ̀, wọ́n tì í sọ́tùn-ún, wọ́n tì í sósì, wọ́n gbé etí sún mọ́ ọn.

"Ó ń mì," wọ́n ní.

"Díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ lónìí. Tó bá ti jẹ gbogbo òkúta ọgbà yìí tán, o ò ní pè é ní díẹ̀ mọ́."

Ẹ má rò pé ìyá kàn ń sọ tẹnu wọn. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n ti lo ayé wọn pẹ̀lú ọkọ wọn. Àwọn ni wọ́n ń di irin mú tí ọkọ bá ń jó o, àwọn ni wọ́n ń fi òòlù gbọn ìdọ̀tí ojú ibi tí iná kọjá. Nínú ilé yẹn, wọn kì í fi ojú yẹ irin tí wọ́n jó wò. Wọ́n á fi òòlù kàn án, wọ́n á sì gbọ́. Èyí tó wọra á dún títí, á máa lọ. Èyí tó kàn lẹ̀ mọ́ra á dún kó, á sì dákẹ́. Ódọ̀la wá páìpù mìíràn tó bá ìkejì mu, ó jó ìdí rẹ̀ mọ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di táyà mú, ó fi òòlù kàn án, ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá mi orí, ó tún un jó. Ó tún kàn án. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ìró náà lọ jìnnà, ìyá sì padà sídìí ẹ̀pà wọn. Inú Ódọ̀la dùn dọ́ba.

Báyìí ni ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Láàárọ̀, kùrukùru á wà lórí ilẹ̀, katakata á dúró sínú rẹ̀ bí ẹni ń sùn lóòró. Ódọ̀la á gbé ìbòjú wọ̀, iná á máa ta pàrà, lẹ́yìn náà á ṣí ìbòjú, ayé á kọ́kọ́ ṣókùnkùn sí i lójú, á sì padà wá díẹ̀díẹ̀, ògiri lákọ̀ọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà tẹ̀lé e, ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó fẹ́ràn ìgbà díẹ̀ yẹn tí ìyá rẹ̀ ń padà wá. Bí oòrùn bá mú, á na ẹ̀yìn sórí àpò sìmẹ́ńtì. Ìgbà tó bá sùn lọ níbẹ̀, ilẹ̀ kan náà ló máa ń rí lójú àlá: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dákẹ́ bí omi àmù, ìyá rẹ̀ ń rìn bọ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì, wọn ò wolẹ̀, orí wọn wà lókè bíi tìgbà tó wà lọ́mọdé. Á jí, á rí i pé ẹ̀rín wà lẹ́nu òun. Bíríkìlà bá a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé ó ti rí ìyàwó fẹ́ ni.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ so táyà mọ́ réèkì, kò rí bó ṣe rò. Bí katakata ti sún díẹ̀ báyìí, táyà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ó pẹ́ kó tó rí i: ìgbà tí réèkì dùbúlẹ̀ lórí eyín rẹ̀ ló jó páìpù mọ́ ọn, réèkì tó dùbúlẹ̀ sì máa ń fì sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí katakata wá gbé e sí bó ṣe yẹ, páìpù náà kò dúró gangan mọ́. Ó gé gbogbo ẹ̀ kúrò. Ó gbé réèkì sí ìdúró iṣẹ́, ó so nọ́ọ̀tì ńlá kan mọ́ okùn, ó jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ títí tó fi dúró jẹ́ẹ́, ó fi páìpù sí ẹ̀gbẹ́ okùn, ó tún un jó. Ó lu ihò sára irin tó gbé táyà kọ̀ọ̀kan dúró, ọ̀kan lórí ọ̀kan, kó lè fi píìnì há a síbi tó bá wù ú. Píìnì nínú ihò yìí, eyín réèkì á kàn fẹnu kan ilẹ̀. Píìnì nínú ihò tọ̀hún, eyín á jinlẹ̀. Èyí tó wù ú ni fífi ẹnu kàn án.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí àbúrò rẹ̀ dé, ó ní kí ìyá lọ jókòó lọ́dọ̀ ìyàwó bíríkìlà títí di ìrọ̀lẹ́, torí eruku. Ìyá ní eruku kí ni, ṣé òun ò rí eruku rí. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n lọ.

Ó gun katakata. Ó sọ réèkì kalẹ̀. Táyà méjèèjì fara kan ilẹ̀, wọ́n yí ojú síbi tí wọ́n ń lọ fúnra wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Kò sí gbígbọ̀n. Nígbà tó wẹ̀yìn, ó rí ilẹ̀ tó tẹ́ lẹ́yìn òun, pupa, rírọ̀, ó fẹ̀ tó bí réèkì ṣe fẹ̀ tó, kò sí ìgbì kan níbẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, bí ẹni ń lọ aṣọ. Òkúta ń kó ara wọn jọ níwájú eyín, ó ń tì wọ́n lọ sẹ́yìn ọgbà. Ibi tí gbòǹgbò igi ti yọ síta, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi àáké gé e. Òkúta ńlá tó wà níbi kọ́nà ẹ̀rọ omi, èyí tó gbé ìyá rẹ̀ ṣubú, katakata kò lè wú u, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà á jáde, ó bú u dáadáa, ó yí i dà nù. Oòrùn ń lọ sílẹ̀, eruku di wúrà lójú ọ̀run, Ódọ̀la sì ń lọ nínú rẹ̀ bí ẹni tí kò sí nínú ayé yìí.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó bíríkìlà di apá ìyá mú, tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ bọ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ìyá wọlé, wọ́n ní ó ti rẹ àwọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni Àbíkẹ́yìn dé, ọjọ́ kan ṣáájú ìgbà tó dá. Ó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú báàgì lápá, ó wo ilẹ̀ náà títí. Ó bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò.

"Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Mo gbà fún yín. Màámi ò lọ ibì kankan mọ́."

Lóru ọjọ́ náà, Ódọ̀la sun oorun tí kò sun láti ìgbà òjò.

Nígbà tó di àárọ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí ìyá tó jáde. Wọ́n fẹ́ rí i. Ìyá ṣílẹ̀kùn, fúláàsì wà lọ́wọ́ òsì wọn, ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ̀ lé ara ògiri. Wọ́n bọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé ìkejì, wọ́n dúró.

Ódọ̀la rò pé ó yà wọ́n lẹ́nu ni. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún àbúrò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyá na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n na òsì. Wọ́n yí díẹ̀, wọ́n tún ra ilẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé orí sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń lọ. Géètì tó wà ní ṣíṣí ni wọ́n dojú kọ, ọkọ̀ sì ń kọjá lójú títì níwájú rẹ̀.

"Màámi," Àbíkẹ́yìn pè, "níbo lẹ ń lọ?"

Ìyá dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín síbi tí kò sí ẹnì kankan. "Mò ń gba atẹ́gùn ni. O ti jí?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ódọ̀la. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn. Ilẹ̀ tuntun náà kò dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá, ó sì ti sún mọ́ wọn débi tó lè fọwọ́ kàn wọ́n kí wọ́n tó gbọ́ èémí rẹ̀. Wọ́n ta gìrì, fúláàsì bọ́.

"Ta nìyẹn?"

Láti ìgbà tó ti dáyé, ìyá rẹ̀ kò bi í bẹ́ẹ̀ rí.

"Èmi ni, màámi."

"O ò dún. Kí ló dé tí o ò dún?"

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fì í níwájú ojú wọn. Ojú náà mọ́ kedere bó ṣe máa ń mọ́, kò sì tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Ódọ̀la di ìyá rẹ̀ lápá mú, àwọn méjèèjì rọra jókòó sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, Àbíkẹ́yìn sáré wá, òun náà jókòó.

"Láti ìgbà wo?" Àbíkẹ́yìn béèrè.

"Ó ti pẹ́." Ìyá ń fi ọwọ́ pa ilẹ̀ rírọ̀ náà bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ. "Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Nígbà tó fi máa lọ tán, mo ti mọ ibi gbogbo."

"Ẹ ń dáná. Ẹ ń ká aṣọ."

"Ta ló ń fi ojú ká aṣọ?"

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

"Kí n sọ fún yín kẹ́ ẹ máa fà mí lọ́wọ́ kiri? Bí mo bá ti bọ́ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi, òkúta pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀. Tí mo bá ti tẹ ìyẹn, mo mọ̀ pé ibi tó yẹ ni mo kọjú sí. Lẹ́yìn ẹ̀, ilẹ̀ á máa ga, ó di gbòǹgbò igi. Lẹ́yìn gbòǹgbò, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dún, ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ẹni tó ń bọ̀. Tó bá wá kan òkúta ńlá níbi ẹ̀rọ omi, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Mo bọ́ sílẹ̀ lónìí, gbogbo wọn ti lọ. Mo rò pé ilé onílé ni mo jí sí."

Ódọ̀la gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ kékeré. "Òkúta ńlá yẹn ló gbé yín ṣubú. Ọwọ́ mi ni mo fi wà á."

Ìyá dáwọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pa dúró.

"Kì í ṣe òkúta," wọ́n ní. "Páìpù ni. O kó o kalẹ̀ síbi kọ́nà lọ́jọ́ yẹn, o ní o máa wá gbé e wọlé. Èmi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"Ẹ sọ fún wa pé òkúta ni."

"Òkúta ò ní ọkàn tó máa bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ódọ̀la lára ju bí iná ṣe ń wọ irin lọ. Ojú tì í, ó dùn ún, ó sì nífẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ débi tí kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó gbé orí lé wọn lẹ́jìká, ó sunkún. Ìyá fi ọwọ́ wá orí rẹ̀ kàn, wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. "Ṣé o ti ń hewú ni?" wọ́n bi í. "Irun ibí yìí ti yí padà." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti ń hewú.

Àbíkẹ́yìn nu ojú. "Màámi, ẹ ò ríran. Mi ò lè fi yín sílẹ̀ báyìí. Mò ń mú yín lọ."

"Nílé yìí, mo ríran. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ yẹn, afọ́jú ni mo máa jẹ́."

"Afọ́jú náà lẹ jẹ́ láàárọ̀ yìí. Títì lẹ ń lọ." Ọ̀rọ̀ náà le, òun fúnra rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n kò kó o jẹ.

"Torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ ti kó ojú mi dà sẹ́yìn ọgbà ni." Ìyá yí ojú sí apá ibi tí wọ́n rò pé ọmọkùnrin wọn wà. "Ẹ̀rọ tó o ṣe yìí, ilẹ̀ títẹ́ nìkan ló mọ̀? Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ba ilẹ̀ jẹ́?"

Ódọ̀la gbé orí sókè. Ọkàn rẹ̀ tún rin ìrìn àjò, lọ́tẹ̀ yìí kò lọ jìnnà. Ó dìde, ó lọ sídìí réèkì, ó yọ píìnì táyà ọ̀tún, ó gbé táyà náà sókè, ó há a. Ó sọ ti òsì kalẹ̀ pátápátá. Réèkì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó ru ẹrù lápá kan.

Àbíkẹ́yìn wò ó, ó wo ìyá, kò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun kọ̀. Ó gbé ọwọ́ ìyá lé èjìká ara rẹ̀. "Ẹ fi ibi tẹ́ ẹ máa ń gbà hàn mí," ó ní. Wọ́n ń lọ níwájú, ẹsẹ̀ lásán, katakata ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́yìn wọn, eyín apá ọ̀tún sì ń rì wọlẹ̀, ó ń fa poro kan lọ, ó ń da ilẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gegele tóóró kan láti ẹnu ọ̀nà ìyá títí dé ṣọ́ọ̀bù. Ìyá padà, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ gegele náà.

"Ó rọ̀ jù. Òjò kan ló máa kó o lọ. Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Àwọn ọmọ méjèèjì fi ọmọ odó gún un le. Ìyá ní kí wọ́n dá òkúta padà sórí rẹ̀, òkúta ńlá náà sì gbọ́dọ̀ padà síbi kọ́nà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò lọ gbé wílíbárò, wọ́n débẹ̀, wọ́n rí i pé kò ní táyà, torí táyà rẹ̀ ló wà lẹ́yìn réèkì. Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì pa wọ́n, irú ẹ̀rín tí ẹkún ṣì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi kó gbogbo òkúta náà. Ìlú ńlá ti ba ọwọ́ Àbíkẹ́yìn jẹ́, ó ń kérora ní gbogbo ọ̀nà, ìyá sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń pàṣẹ bí ọ̀gá iṣẹ́.

Lọ́sàn-án, ìyá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ òun. Wọ́n bọ́ sílẹ̀. Wọ́n tẹ òkúta pẹrẹsẹ, wọ́n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá gbéra. Ódọ̀la dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wò wọ́n. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ń tẹ̀ lé gegele, wọn ò sáré, wọn ò fa ẹsẹ̀. Wọ́n dé kọ́nà, wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan òkúta ńlá, wọ́n yà, wọ́n dé bẹ́ńṣì, wọ́n jókòó, wọ́n béèrè ibi tí ẹ̀pà wà.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Àbíkẹ́yìn lọ kó ẹrù rẹ̀ nílé ìyá. Ódọ̀la ń nu eyín réèkì, ó gbójú sókè, ó rí àbúrò rẹ̀ tó ń bọ̀ lórí gegele náà pẹ̀lú báàgì léjìká. Ojú rẹ̀ dì pinpin. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà. Nígbà tó dé kọ́nà, ó kọsẹ̀.

"Gbé ẹsẹ̀ sókè níbẹ̀, Àbíkẹ́yìn," ìyá sọ láti orí bẹ́ńṣì, láìdáwọ́ ẹ̀pà dúró. "Ó ga díẹ̀."

Àbíkẹ́yìn la ojú. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ó ń wo ìyá rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ kò sì nù ún. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó tì wọ́n, ó sọ báàgì kalẹ̀, ó bu ẹ̀pà, ó ń bá wọn pa á. Ó jókòó síbẹ̀ títí tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ fi fẹ́ gbéra, kò sì mẹ́nu kan yàrá tó tọ́jú sílẹ̀ mọ́.